Jíǹsì kì í ṣe ìhámọ́ra: ohun tí ọ̀dà títì ń ṣe sí ṣòkòtò tó nípọn

Bí ẹ bá dúró ní páàkì ọ̀kadà èyíkéyìí láti Ìyànà Ìpájà títí dé Ṣakí, tí ẹ sì béèrè ohun tó yẹ kéèyàn wọ̀ gun máṣínì, ìdáhùn kan náà lẹ ó gbọ́: wọ jíǹsì. Ó nípọn, ó le, títì ò lè rí i gbé ṣe. Àwọn ọlọ́kadà ń sọ ọ́ fún èrò, àwọn òbí ń sọ ọ́ fún ọmọ tó ń fi sìkúútà lọ sí fásitì, àwọn dìsípáàṣì tó ń gbé ẹrù gba orí Afárá Third Mainland kọjá náà sì gbà á gbọ́. Wọ́n á wọ jíǹsì, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á sì fún máṣínì níná.

Ìbàlẹ̀ ọkàn yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ látòkèdélẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ṣòroó tú. Jíǹsì sàn ju níkà lọ. Ó sàn ju ìró lọ dáadáa, torí ìró lè kó sínú ṣéènì tàbí kó wé mọ́ táyà ẹ̀yìn. Àmọ́ láti orí “ó sàn ju níkà” dé orí “ó máa dáàbò bò mí”, ọ̀nà jìn, ojú ọ̀nà yẹn sì ni awọ orúnkún àti ti ìbàdí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bó sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí jíǹsì jẹ́. Òwú ni, irú òwú kan náà tí àwọn ìyá wa ń ran, tí wọ́n ń rẹ láró, tí wọ́n fi ń hun kíjìpá. Kíjìpá lágbára, ó ń pẹ́ lára, aṣọ oko ni. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fi kíjìpá wọ́lẹ̀ lórí ọ̀dà kó máa retí pé kò ní ya. Jíǹsì ò yàtọ̀. Nígbà tí Levi Strauss, oníṣòwò aṣọ, àti télọ̀ kan tó ń jẹ́ Jacob Davis gba ìwé àṣẹ tiwọn ní Amẹ́ríkà ní 20 May 1873, ohun tí ìwé náà dá lé lórí ni ìṣó bàbà kékeré tí wọ́n fi de etí àpò kó má baà tètè ya. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún: ẹni tó ń kúnlẹ̀ ṣiṣẹ́, tó ń ki irinṣẹ́ sápò, tó ń fara ha òkúta àti pákó. Bí iṣẹ́ ṣe ń jẹ aṣọ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ń fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe sí orúnkún ṣòkòtò, ọ̀dà ń ṣe é kéèyàn tó ṣẹ́jú.

A ò ní láti máa fọkàn rò ó, wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ní Yunifásítì Cambridge, Dókítà Roderick Woods ṣe ẹ̀rọ kan tó ní bẹ́líìtì oníyanrìn, irú pépà tí káfíńtà fi ń ha pákó, èyí tó mú dáadáa nínú wọn. Bẹ́líìtì náà ń sáré ní mítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bíi kìlómítà 29 ní wákàtí kan nìyẹn. Wọ́n á jẹ́ kí aṣọ já lé e lórí, wọ́n á sì máa ka ìṣẹ́jú àáyá títí aṣọ náà á fi lu. Ní 2002, wọ́n fi irú ẹ̀rọ yìí sínú EN 13595, òṣùwọ̀n aṣọ máṣínì ní Yúróòpù. Ibi tó máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀ lára aṣọ, bí orúnkún àti ìbàdí, gbọ́dọ̀ fara dà á fún ìṣẹ́jú àáyá 4 kó tó yege ní ìpele kìíní, àti 7 kó tó yege ní ìpele kejì. Jíǹsì lásán, tí kò ní nǹkan kan lábẹ́, kì í lò tó ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó lu.

Ẹ wá wò ó lójú títì. Ẹni tó bá ṣubú lórí ọ̀dà gbígbẹ nígbà tó ń sá kìlómítà 20 ní wákàtí kan á wọ́ bíi mítà 2 àbọ̀, á sì ti dúró kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Bó bá jẹ́ 60 ló ń sá, á wọ́ bíi mítà 23, ó sì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá 3. Eré di ìlọ́po mẹ́ta, ibi tí ara wọ́ dé di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Bajaj Boxer tó kún ìgboro wa yìí, kò ṣòro fún un rárá láti dé 60. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá ń sá 60, gbogbo ayé ló ń yà á sílẹ̀.

Níbí ni mo rò pé ìgbàgbọ́ náà ti fìdí múlẹ̀. Ẹlẹ́rìí jíǹsì pọ̀, àwọn ẹlẹ́rìí náà ò sì purọ́. Inú gọ́ṣíló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣubú, ní Ọjọ́ta tàbí ní Mókọ́lá, níbi tí eré máṣínì ò ti ju eré ẹni tó ń fẹsẹ̀ sáré. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ara, wọ́n rí i pé ṣòkòtò kàn ha díẹ̀ ni, wọ́n ní, “Ọpẹ́lọpẹ́ jíǹsì.” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí wọn ò rí ni pé iye ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi wọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà kò tíì ju èyí tí aṣọ náà lè gbà lọ. Wọ́n wá gbé ẹ̀rí ọjọ́ yẹn lọ sí márosẹ̀. Ẹni tó wọ jíǹsì ṣubú ní 70 kì í sí ní páàkì láti wá jẹ́rìí. Wọ́n ń pààrọ̀ báńdéèjì fún un lọ́wọ́ níbi tó wà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bó ṣe ń lọ, torí àwọn tó ń sọ pé “ara á kàn bó ni” ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí ẹ bá yí jíǹsì sódì, ẹ ó rí i pé inú rẹ̀ funfun. Fọ́nrán tó wà lókè ni wọ́n rẹ láró, èyí tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá funfun báyẹn. Nígbà tí orúnkún bá kan ọ̀dà, fọ́nrán aláró ló ń kọ́kọ́ já, funfun á yọ, òun náà á já, ihò á ṣí. Láti ìgbà yẹn lọ, awọ ara ló kù. Bí ihò náà ṣe ń fẹ̀ ni etí rẹ̀ ń ya lọ, tó fi jẹ́ pé ojú egbò lè fẹ̀ ju ibi tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀ lọ. Fọ́nrán òwú, yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́ àti ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti sàn sórí títì, gbogbo rẹ̀ á wọnú ẹran. Nọ́ọ̀sì ò lè kàn da omi sí i. Wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì fọ egbò náà títí yanrìn á fi jáde, torí èyí tó bá kù síbẹ̀ lè sọ egbò di kíkẹ̀, ó sì lè fi àpá dúdú tí kì í ṣí sábẹ́ awọ. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí egbò bá jinlẹ̀, wọ́n lè ní láti bẹ awọ láti itan lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó ń fi máṣínì jẹun, ọ̀sẹ̀ mélòó ni kò fi ní ṣiṣẹ́? Ta ni á máa gbé owó oúnjẹ sílẹ̀?

Ojú rírán náà tún wà níbẹ̀. Télọ̀ èyíkéyìí mọ̀ pé ojú rírán ló ń kọ́kọ́ tú lára ṣòkòtò tó bá gba ìfà. Bí okùn tó rán ẹ̀gbẹ́ itan bá já, ṣòkòtò á là, nínípọn aṣọ náà ò sì ní wúlò fún ohunkóhun mọ́.

Jíǹsì tí à ń wọ̀ lónìí tilẹ̀ tún burú sí i. Ẹ lọ sí ọjà òkìríkà ní Katangua, ẹ fọwọ́ kan èyí tó wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti po rọ́bà mọ́ òwú rẹ̀ kó lè máa nà, aṣọ náà sì fẹ́lẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Òmíràn, ẹnì kan ti wọ̀ ọ́ gbó lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tó ya lórúnkún ní ti ẹ̀ṣọ́, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ṣòfò lórí rẹ̀.

Ti egungun wá ńkọ́? Ẹ lọ béèrè ní Ìgbòbì, ní ilé ìwòsàn àwọn oníṣẹ́ egungun, ohun tí ọ̀kadà ń ṣe sí ojúgun èèyàn. Ẹsẹ̀ ló wà níta, òun ni bọ́ńpà mọ́tò ń bá pàdé. Aṣọ kankan, ì báà jẹ́ awọ màlúù, kì í gba ìkọlù. Wíwọ́lẹ̀ lórí ọ̀dà ni aṣọ ń gbà. Ohun tó ń gba ìkọlù ni tìmùtìmù líle tí wọ́n ń kì sí orúnkún àti ìbàdí, èyí tí òṣùwọ̀n EN 1621-1 wà fún. Kò ní kí mọ́tò má fọ́ ojúgun, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orúnkún tó gbá títì látòkè, tìmùtìmù yẹn lè jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ fífọ́.

Ibì kan wà tí jíǹsì ti gba ìyìn lọ́wọ́ mi: sàlẹ́ńsà. Àwa tí a gun ọ̀kadà láti kékeré mọ àpá róbótó tó máa ń wà lẹ́yìn ojúgun. Bí ẹsẹ̀ bá kàn fọwọ́ kan sàlẹ́ńsà gbígbóná nígbà téèyàn ń sọ̀ kalẹ̀, jíǹsì á gbà á díẹ̀ kéèyàn tó fa ẹsẹ̀ kúrò. Mo rò pé èyí náà wà lára ohun tó jẹ́ ká gbà pé ìhámọ́ra ni.

Ní 1 January 2009, tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò bá dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, àwọn kan ní Kano dé igbá, àwọn mìíràn dé garawa ọ̀dà ìkunlé. Wọ́n bo orí lóòótọ́. Àwa tí à ń fọkàn tán jíǹsì lásán, ẹsẹ̀ làwa náà kàn ń bò.

Kí lẹ lè wá ṣe? Hẹ́límẹ́ẹ̀tì gidi ló ṣáájú, torí orí ló ń pani. Tó bá jẹ́ owó díẹ̀ ló kù lọ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra ìbòrúnkún oníke líle tí à ń dè mọ́ òkè ṣòkòtò, èyí tó gùn dé ojúgun. Wọ́n ń tà á níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì máṣínì, èèyàn sì lè bọ́ ọ tó bá dé ibi iṣẹ́. Ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Téèyàn bá jókòó lórí máṣínì, jíǹsì máa ń fà sókè, ọrùn ẹsẹ̀ á sì wà níta gbangba pẹ̀lú sílípáàsì.

Ẹni tó bá lè ná jù bẹ́ẹ̀ lọ, jíǹsì tí wọ́n dìídì ṣe fún máṣínì wà. Lóde, ó rí bíi ti gbogbo ayé, ẹ lè wọ̀ ọ́ lọ sí ọ́fíìsì. Lábẹ́, wọ́n fi Kevlar tẹ́ ẹ, fọ́nrán líle tí Stephanie Kwolek ṣàwárí nílé iṣẹ́ DuPont ní 1965, tàbí kí wọ́n ti hun fọ́nrán líle mìíràn mọ́ aṣọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ má gba orúkọ Kevlar nìkan gbọ́ o. Àwọn kan kàn ń lẹ̀ ẹ́ bíńtín mọ́ orúnkún, wọ́n á fi ìdí àti ìbàdí sílẹ̀ lásán. Nínú ìwádìí kan tí Liz de Rome àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Ọsirélíà, tó jáde ní 2011, wọ́n yẹ aṣọ àwọn tó ní jàǹbá máṣínì wò, àwọn èèyàn 212. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ṣòkòtò tí wọ́n tà gẹ́gẹ́ bí ti máṣínì tó ti ya tàbí tó lu. Lébẹ́ẹ̀lì inú ni kí ẹ kà. Láti 2020, òṣùwọ̀n tuntun, EN 17092, ló yẹ kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà. A ni wọ́n dán wò ní kìlómítà 45 ní wákàtí kan níbi tó léwu jù lára aṣọ, AA ní 70, AAA ní 120. Fún inú ìgboro àti ooru wa yìí, AA tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bójú mu.

Ti èrò náà ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Ara èrò ò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń gun máṣínì, ọ̀dà ò sì ń béèrè ta ló mú háńdù máṣínì dání. Ọmọ tí ẹ gbé síwájú lórí táńkì, níkà ilé ìwé ló wọ̀.

Tí ẹ bá ń ra ìbòrúnkún tàbí ṣòkòtò tó ní tìmùtìmù, ẹ má dán an wò nídùúró. Ẹ jókòó, ẹ ká ẹsẹ̀ kò bí ìgbà tí ẹ wà lórí máṣínì, kí ẹ wá fọwọ́ tẹ ẹ́ wò. Orí egungun orúnkún gan-an ló yẹ kó wà. Bó bá ti sún gòkè sí itan, tàbí tó yí sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ẹ fi ọwọ́ tì í, kò bá yín mu, ẹ ní kí oníṣọ́ọ̀bù mú òmíràn wá.