Omi híhó kì í kó ọ̀rá kúrò nínú páìpù

Ẹ̀yin olóúnjẹ Àjàṣẹ́, wọ́n ń pín in kiri pé omi híhó àti ọṣẹ lálaalẹ́ kì í jẹ́ kí páìpù ilé oúnjẹ dí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Omi híhó ń yọ́ ọ̀rá lóòótọ́, ṣùgbọ́n yíyọ́ kọ́ ni kíkúrò. Bó bá ṣàn síwájú, á tutù, ọ̀rá á sì dì mọ́ páìpù níbi tí ọwọ́ kò tó. Ẹ bu omi gbígbóná tí ẹ fi ṣan ìkòkò ẹran màlúù sínú abọ́, kó sùn síbẹ̀. Ẹ wo ohun funfun tó máa dì lójú rẹ̀ láàárọ̀.

Ẹ nu ọ̀rá inú abọ́ kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́. Tí gbogbo ihò tí omi ń gbà jáde nínú ilé bá sì ń da omi padà pọ̀, páìpù ńlá ló dí tàbí sọkawé (kòtò tí omi ìdọ̀tí ilé ń ṣàn sí) ló kún: oníṣẹ́ lẹ máa pè.