Irọ́ ni pé ìwé nìkan ni iléèwé ń kọ́ ọmọ

Níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́ tá a ṣe kẹ́yìn ní iléèwé ọmọ mi níbí ní Àgbádárìgì, tíṣà kan dìde, ó ní, "Ẹ̀yin òbí wa, ìwé ni tiwa o. Ìwà, ilé yín ni kó ti wá." Gbogbo wa pàtẹ́wọ́, èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rò ó dáadáa, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́.

Mo mọ̀ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mi ò bá òwe jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó jáde nílé ní aago 7 àárọ̀, tó ti iléèwé bọ́ sí lẹ́sìn, tó wọlé ní aago 5 ìrọ̀lẹ́, wákàtí 10 ló lò lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ṣé ìṣirò nìkan ló ń wọ̀ ọ́ lára ní gbogbo wákàtí yẹn?

Ẹ wo bébà orúkọ aláriwo. Kò sí ẹni tó lọ iléèwé nílẹ̀ yìí tí kò mọ̀ ọ́n. Tíṣà jáde, olórí kíláàsì mú báírò. Ẹni tó bá tún sọ̀rọ̀, wọ́n á kọ "times 2" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó máa ń fún olórí kíláàsì ní bisikí, orúkọ tirẹ̀ kì í sí níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n jọ jà lánàá, ì báà pa ẹnu mọ́ bí òkú, òun ló máa ṣáájú. Tíṣà á wọlé, kò ní bèèrè ẹjọ́, ẹgba ló kàn. Kò sí nínú tàímútébù, wọn kì í ṣe ìdánwò rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ọmọ tó pé ọdún 8, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan kékeré tu aláṣẹ lójú, ó sì ti mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀ lágbára ju òótọ́ lọ. Tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá dàgbà tó ń gba rìbá, a ó ní wọn ò kọ́ ọ nílé.

Ará Amẹ́ríkà kan, Philip Jackson, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì Chicago, jókòó sínú kíláàsì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ní 1968 ló sọ ohun tó rí: pé ẹ̀kọ́ kan wà lójú pátákó, òmíràn sì fara sin. Ó ní ọmọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ní sùúrù láàárín èrò, bí wọ́n ṣe ń gba ìyìn àti ìbáwí lójú gbogbo ayé, bí wọ́n ṣe ń gbé lábẹ́ ẹni tó lágbára juni lọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú. Títò sórí ìlà, nínawọ́ kí n tó sọ̀rọ̀, dídé lásìkò, iléèwé ló kọ́ mi, kì í ṣe ìyá mi tó ń ta ẹja ní ọjà Agbálatà. Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ pé tí mo bá fi ìdáhùn han ọ̀rẹ́ mi nínú ìdánwò, olè ni mí. Bẹ́ẹ̀ nílé wa, ẹni tó mọ nǹkan tí kò fi han àbúrò rẹ̀ ni wọ́n máa ń bá wí.

Ó sì yẹ kí ìlú yìí mọ̀ ju ìlú mìíràn lọ. Ọ̀dọ̀ wa níbí làwọn míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì ti dá iléèwé sílẹ̀ ní 1843, kí àwọn CMS, míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, tó parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ní 1845. Wọn ò sọ pé ìwé nìkan làwọn gbé wá. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ mọ̀wé kó lè ka Bíbélì, kí gbogbo ìgbé ayé rẹ̀ sì yí padà: orúkọ tuntun, aṣọ tuntun, ìyàwó kan ṣoṣo. Ìwà ni wọ́n wá tún mọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti èdè. Ègùn ni ìyá ọkọ mi. Kí ọmọbìnrin mi tó wọ iléèwé, Ègùn ló fi ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi ń bá mi sọ ọ́. Kò pé táàmù méjì tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi òyìnbó dá ìyá àgbà lóhùn. Tí ìyá àgbà bá pè é níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á kàn mi orí ni. Ta ló sọ fún un pé èdè ìyá àgbà ń tini lójú? Èmi kọ́, bàbá rẹ̀ kọ́. Kò sí tíṣà tó dúró sójú pátákó sọ ọ́. Àmọ́ wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó bá sọ "vernacular", ìyẹn èdè ìbílẹ̀, sórí bébà aláriwo yẹn náà, wọ́n ń gba náírà 50 lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ yòókù sì ń fi ohùn Ègùn ṣẹ̀fẹ̀. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní iléèwé, wọ́n sì ń kọ́ ọ lóòótọ́, ìṣẹ́jú 40 lọ́sẹ̀ ní tiwa. Ọmọ mi gba 82. Kò sì yé e rárá pé èdè tó gba 82 nínú rẹ̀ ṣe é sọ níta kíláàsì.

Mi ò tíì sọ ti ẹni tí wọ́n ń rán lọ gbálẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ń fi jẹ olórí.

Mo padà lọ bá tíṣà yẹn. A ò jà. Mo ní, "Anti, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ̀rọ̀ èdè kúrò lórí bébà yẹn." Wọ́n ní àwọn á bá ọ̀gá àgbà sọ ọ́. Nílé, mi ò bi ọmọ mi mọ́ pé kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí. Orúkọ ta ló wà lórí bébà, ta ló kọ ọ́, kí ló ṣe? Oúnjẹ máa ń jinná kó tó dáhùn tán.