Bàbá Bọ̀dé Fẹ́ Ra Ìbọn

(Pálọ̀ Bàbá Bọ̀dé, lándílọ́ọ̀dù ilé oníyàrá mẹ́jọ kan ní Apẹ̀tẹ̀, n'Ìbàdàn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Olè ti yọ bátìrì mọ́tò ará ilé kejì lóru àná. Wọ́n ránṣẹ́ pe Lọ́yà, ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, tó jẹ owó ilé oṣù mẹ́ta.)

LỌ́YÀ: (Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.) Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Bàbá, owó yẹn, tó bá fi máa di ìparí oṣù...

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Ta ló ń bi ọ́ lówó? Jókòó. Ìbọn ni mo fẹ́ rà.

LỌ́YÀ: Nítorí owó oṣù mẹ́ta, Bàbá?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Nítorí olè ni! Ìwọ lo mọ òfin, mo fẹ́ kó o bá mi yan èyí tó máa dáa fún ilé. Èmi ti rò ó. AK ni.

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Bá mi bi wọ́n o, Lọ́yà. Ẹni tó ń sá fún ọ̀nì nínú tẹlifíṣọ̀n!

LỌ́YÀ: AK kẹ̀? Bàbá, òfin ìbọn tí wọ́n ṣe lọ́dún 1959 ṣì wà níbẹ̀. Ìbọn sójà, ìbọn ìléwọ́, gbogbo ìyẹn, àfi kí Ààrẹ orílẹ̀-èdè fún yín láṣẹ. Bí wọ́n bá ká a mọ́ yín lọ́wọ́ láìníwèé, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ló kéré jù.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Ìléwọ́ náà? Kékeré báyìí?

LỌ́YÀ: Kékeré yẹn gan-an.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Ààrẹ! Èmi tí mi ò tíì fojú kan káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa rí. Ó dáa, pọ́ǹpù ńkọ́? Èyí tí wọ́n máa ń fà báyìí, ṣáká-ṣákà! Olè á gbọ́ ohùn ẹ̀, á sá.

LỌ́YÀ: Ìyẹn náà ò wọlé. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tó bá ti ní ẹ̀rọ tó ń rọ ọta mìíràn síbẹ̀, òfin ò gbà á fún èmi àtẹ̀yin. Ẹ ò rántí ọdún 2017? Kọ̀ǹtẹ́nà kan tí kọ́sítọ́ọ̀mù mú l'Ékòó, pọ́ǹpù 661 ló wà nínú ẹ̀. Ilẹ̀kùn irin ni wọ́n kó bò ó mọ́lẹ̀.

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Ilẹ̀kùn irin?

LỌ́YÀ: Bẹ́ẹ̀ ni mà.

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Níbo ni wọ́n wá kó ilẹ̀kùn náà sí? Torí tiwa tó wà lẹ́yìnkùlé yẹn, okùn la fi so ó mọ́ òpó láti ọdún Àjíǹde.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: À ń sọ ti ìbọn, obìnrin yìí ń sọ ti ilẹ̀kùn. Lọ́yà, èwo ló wá kù?

LỌ́YÀ: Ó ku ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí dọ́bù-bárẹ̀, tí èèyàn máa ń fọwọ́ ara ẹ̀ ki ọta bọ̀. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lẹ ti máa gbàwé. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 ò lè gbà á.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Mo ti lé ní 60. Mo yege.

LỌ́YÀ: Ẹni tó bá ti jẹ̀bi ọ̀ràn ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn ò lè gbà á.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Mo yege! Ìyá Bọ̀dé, máa kà á.

LỌ́YÀ: Ẹni tójú ẹ̀ ò ríran dáadáa.

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Háà.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Háà ti kí ni? Ojú mi ń ríran kedere!

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Ta ló dúró lẹ́bàá kànga níjẹta, tó ń kí dúrọ́ọ̀mù omi pé "Àlájì, ọjọ́ mẹ́ta"?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Dúrọ́ọ̀mù yẹn jọ Àlájì. Ìwọ náà mọ̀ pé ó jọ ọ́. Máa bá a lọ, Lọ́yà.

LỌ́YÀ: Ẹni tó bá ti jingíri sínú ọtí.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Èmi ò kí ń mu ọtí. Ẹmu ni mò ń mu. Ara igi ló ti ń jáde.

LỌ́YÀ: Ó ku ẹyọ kan. Ẹni tí orí ẹ̀ ò pé.

(Gbogbo ilé dákẹ́. Bàbá Bọ̀dé yíjú sí ìyàwó ẹ̀.)

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Kí ló dé tó o dákẹ́?

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Mò ń ronú ni.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Ẹ gbọ́, kò dìgbà tí mo bá yìn ín. Àwọn àgbà ní ìbọn ní apátí, ìbọn ò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká dojú ìbọn kọ òun? Kí n ṣáà ti gbé e dání. Ní òru ọjọ́ Túsìdeè, ní nǹkan bí aago kan, mo gbọ́ gìdì! Ẹnì kan fo fẹ́ǹsì wọlé. Mo wo inú òkùnkùn, mo rí i tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Ká ní ìbọn wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, àyà ẹ̀ báyìí ni mi ò bá fi sí!

LỌ́YÀ: (Ó ti dìde.) Bàbá.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Àyà ẹ̀ gangan!

LỌ́YÀ: Bàbá, èmi ni.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Ìwọ ni kí ni?

LỌ́YÀ: Èmi ni mo fo fẹ́ǹsì. Ẹ jókòó sẹ́nu géètì, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí mi, torí owó ilé.

(Ìdákẹ́jẹ́ mìíràn. Ẹni tó bá ti jẹ lándílọ́ọ̀dù lówó rí ni yóò mọ bí irú ìdákẹ́jẹ́ yìí ṣe ń gùn tó. Ọpẹ́lọpẹ́ Bàbá Ọdẹ, ọlọ́dẹ àdúgbò, tó wọlé pẹ̀lú ṣakabùlà ẹ̀ léjìká.)

BÀBÁ ỌDẸ: Ẹ kúulé o! Wọ́n ní ẹ ń wá ìbọn.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n! Ẹ wá gbà mí, ìwé ti fẹ́ pa mí. Dọ́bù-bárẹ̀ ni wọ́n ní kí n rà.

BÀBÁ ỌDẸ: Ìyẹn dáa nínú igbó. Àmọ́ ọta ẹ̀ kì í lọ lẹ́yọ kan o, ṣe ló máa ń fọ́n ká bó bá ṣe ń jìnnà sí i. Kí lẹ fi gé yàrá sí yàrá níbí?

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Páálí igi ni. Tí ayálégbé yàrá kejì bá sín, èmi ni mo máa ń ṣe pẹ̀lẹ́.

BÀBÁ ỌDẸ: A jẹ́ pé tí ẹ bá yìn ín fún olè ní pálọ̀, ẹ ti yìn ín fún ayálégbé mẹ́ta.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Èwo nínú wọn ni kò jẹ owó?

LỌ́YÀ: Bàbá!

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Eré ni mò ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n, tiyín yìí ńkọ́?

LỌ́YÀ: Ṣakabùlà náà nílò ìwé àṣẹ o. Bàbá Ọdẹ, ṣé tiyín wà?

BÀBÁ ỌDẸ: Ó wà nínú àpò. Eku jẹ igun kan, àmọ́ orúkọ mi ṣì hàn.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Ẹ jẹ́ ká dán an wò! Bọ̀dé! Wá síbí. Ìwọ àti ìyá ẹ, olè ni yín. Ẹ máa kó ẹrù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa ki ìbọn. Ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣe tán.

BÀBÁ ỌDẸ: Yanrìn ni màá fi ṣe ẹ̀tù o, ọmọdé wà nílé. Ó yá. Ẹ̀tù ló ṣáájú. (Ó ń rọra da yanrìn sẹ́nu ìbọn, díẹ̀ díẹ̀.) Kì í ṣe ohun à ń kánjú ṣe. Tó bá pọ̀ jù, ìbọn á bẹ́ mọ́ ọ lójú.

BỌ̀DÉ: Mo ti kó rédíò!

BÀBÁ ỌDẸ: Àkísà ló kàn. Mo ní àkísà kan níbí. Àbí kì í ṣe mo ní àkísà kan níbí?

ÌYÁ BỌ̀DÉ: (Ó gbé ìkòkò kọjá.) Ọbẹ̀ ti lọ.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe kíá!

BÀBÁ ỌDẸ: Ẹ ní kí olè fara balẹ̀, mo ń fọ̀pá kì í. (Gbì. Gbì. Gbì.) Ọta ló kàn báyìí. Lẹ́yìn ọta, àkísà mìíràn.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Àkísà mìíràn?

BÀBÁ ỌDẸ: Tí kò bá sí i, bí ẹ bá dorí ìbọn kodò, ọta á dà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ yín. Tó bá sì jẹ́ ìgbà òjò bí irú èyí, ẹ̀tù lè ti tutù, kì í gbiná nígbà náà. Ìdí ìbọn la fi ń gbá olè lórí.

ÌYÁ BỌ̀DÉ: (Ó ti padà wá, ẹnu ẹ̀ ń mì.) Ṣé kóńdó ò wá kúkú yá ju èyí lọ?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Kí lò ń jẹ?

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Ẹran inú ọbẹ̀ tí mo jí. Mo dúró títí, ẹ ò yìnbọn. Lọ́yà, gba tìẹ.

BỌ̀DÉ: (Ó sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹ.) Dádì, a ti borí! Jẹnẹrétọ̀ náà ti lọ!

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Ọmọ dáadáa. Ó tó, eré ti parí. Lọ gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé kí n tan iná.

BỌ̀DÉ: Ó ti lọ, sà.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Mo gbọ́. Níbo lo gbé e sí?

BỌ̀DÉ: Ó wúwo, mi ò lè dá gbé e kọjá géètì. Bọ̀dá ọlọ́kadà kan wá bá mi gbé e. Ó ní kí n fi lé òun lórí ọ̀kadà. Mo rò pé òun náà wà nínú eré ni.

(Wọ́n gbọ́ ìró ọ̀kadà lẹ́nu géètì: vúùù! Ìyá Bọ̀dé ká ọwọ́ lérí.)

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Olè! Ẹ̀gbọ́n, ẹ yìn ín! Ẹ yìn ín fún un!

BÀBÁ ỌDẸ: Yanrìn ni mo kì sí i. (Ó wo ìdí ìbọn.) Ó sì tún ku kápù tó ń ta iná sí ẹ̀tù.