Irọ́ Ni Pé Oníṣíà Kékeré Kò Lẹ́nu Ọ̀rọ̀

Ẹ bi àwọn tó ní ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́, nínú wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, láti Tákíé títí dé Arówómọlẹ̀, ohun kan náà lẹ ó máa gbọ́: "Ṣíà tèmi kò tó nǹkan. Àwọn olówó Èkó ló nilé-iṣẹ́. Èyí tí wọ́n bá fún wa la ó gbà." Ẹ̀gbọ́n mi kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ra ṣíà bánkì ní 2005 nígbà tí àwọn bánkì ń polówó ṣíà káàkiri. Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ̀wé pè wọ́n sí ìpàdé, abẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni ìwé náà sì ń sùn títí ọdún fi ń yípo. "Àbúrò, kí ni kí n lọ sọ níwájú ẹni tó ní ṣíà ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù?" Bí wọ́n ṣe máa ń bi mí nìyẹn. Òótọ́ inú ni wọ́n fi ń béèrè. Àmọ́ ohun tí wọ́n gbà gbọ́ yẹn kì í ṣe òótọ́, ó sì ń pa àwọn àti ọ̀pọ̀ ará ìlú wa lára.

Òfin ilé-iṣẹ́ tí a ń lò ní Nàìjíríà ni CAMA 2020, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lóṣù kẹjọ ọdún náà. Abala 248 rẹ̀ sọ pé nínawọ́ sókè ni wọn yóò fi máa pinnu ọ̀rọ̀ níbi ìpàdé gbogboogbò, àfi bí ẹni tí òfin fún láṣẹ bá ní kí wọ́n ka ìbò. Bí ọwọ́ bá ti ń lọ sókè, kò sẹ́ni tó ń ka ṣíà. Orí ni wọ́n ń kà. Ẹni tó ní 300 àti ẹni tó ní mílíọ̀nù 300, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní. Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ mọ èyí bí ẹni mowó: ẹni tó dá ₦5,000 àti ẹni tó dá ₦500,000, bákan náà ni ìbò wọn rí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yan alága.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń parí síbẹ̀ ṣá. Wọ́n lè béèrè fún kíka ìbò, níbi tí ṣíà kọ̀ọ̀kan ti di ìbò kan. Níbẹ̀, ẹni tó ní púpọ̀ ló lágbára, n kò ní purọ́ fún yín. Bí ẹnì kan bá ní ju ìdajì ṣíà ilé-iṣẹ́ lọ, gbogbo ìpinnu tí ju ìdajì ìbò lọ ti tó fún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí òfin ní wọ́n lè béèrè fún kíka ìbò yìí. Alága wà lára wọn. Àwọn tó ní ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára ìbò wà lára wọn. Oníṣíà mẹ́ta péré, tí wọ́n wà níjokòó tàbí tí wọ́n rán aṣojú, náà wà lára wọn, kódà bí a bá ro ṣíà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tí kò pé ẹgbẹ̀rún kan.

Àwọn ìpinnu ńlá sì wà tí ìdajì kò tó fún. Láti yí ìwé òfin ilé-iṣẹ́ padà, láti yí orúkọ rẹ̀, láti dín owó ìdókòwò rẹ̀ kù, mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò ni wọ́n gbọ́dọ̀ rí. Ẹni tó ní ìdá 60 nínú 100 kò lè dá a ṣe bí àwọn yòókù bá wá dìbò kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá wá ni mo sọ. Ìbò tí wọ́n dì nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹni tí kò wá, tí kò rán aṣojú, ṣíà rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò rárá. Báyìí ni ìdá 60 ṣe lè di ìdá 90 lọ́jọ́ ìpàdé. Àwa tí a jókòó sílé ni a fi agbára tiwa kún tirẹ̀, tí a tún wá ń sọ pé a kò lágbára.

Àwọn ẹ̀tọ́ kan tilẹ̀ wà tí kò kan ìbò. Ọjọ́ 21 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ṣáájú ìpàdé. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìṣirò owó ọdún náà ránṣẹ́ sí yín kí ọjọ́ ìpàdé tó pé. Ẹ lè wo ìwé orúkọ gbogbo oníṣíà àti àkọsílẹ̀ ìpàdé gbogboogbò láìsan kọ́bọ̀. Ẹni tó ní ṣíà kan ṣoṣo ní gbogbo èyí.

Níbo wá ni ìgbàgbọ́ pé a kò lẹ́nu ti wá? Apá kan rẹ̀ ti pẹ́ gan-an. Ní 1843, ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Foss v Harbottle, pé bí wọ́n bá ṣe ilé-iṣẹ́ níbi, ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ni ẹjọ́ náà í pè, kì í ṣe oníṣíà kan tàbí méjì. Ìlànà yẹn ṣì wà nínú òfin tiwa, òun sì ni àwọn tó fẹ́ ká dákẹ́ máa ń tọ́ka sí. Wọn kì í ka ohun tó tẹ̀ lé e. CAMA to àwọn ìgbà tí oníṣíà kan ṣoṣo lè forí lé ilé-ẹjọ́: bí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ ṣe ohun tí kò bófin mu, bí wọ́n bá fẹ́ fi ìbò kékeré gbé ohun tó nílò mẹ́ta nínú mẹ́rin kọjá, bí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lójú, bí wọ́n bá lu àwọn tó kéré níye ní jìbìtì, bí àwọn olùdarí bá ń jèrè nínú àìṣòótọ́ wọn. Abala 353 tún fún oníṣíà láǹfààní láti kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sílé-ẹjọ́ bí wọ́n bá ń darí ilé-iṣẹ́ lọ́nà tó ń ni í lára. Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan sì wà ní Ìbàdàn níbí.

Apá kejì ló dunni jù. Ní oṣù kẹta 2008, atọ́ka ọjà ṣíà ní Èkó, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn bóyá iye ṣíà lápapọ̀ ń gòkè tàbí ó ń wálẹ̀, kọjá 66,000. Nígbà tí 2009 fi máa parí, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,800. Àwọn tó fi owó gírátúítì ra ṣíà nílùú yìí jókòó wò ó bó ṣe ń lọ. Ìrora yẹn kò tíì tán nínú ọ̀pọ̀ ilé, n kò sì bá ẹnikẹ́ni wí tó bá ti ọjọ́ náà kórìíra ṣíà. Ṣùgbọ́n iye ṣíà ló já. Ẹ̀tọ́ tó wà lórí rẹ̀ kò já.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé wọn kò nílò owó yín. Ní 2004, nígbà tí Soludo jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀, wọ́n ní kí bánkì kọ̀ọ̀kan gbé owó ìdókòwò rẹ̀ láti ₦2 bílíọ̀nù dé ₦25 bílíọ̀nù kí 2005 tó parí. Bánkì 89 di 25. Lọ́wọ́ àwọn ará ìlú bí tiwa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá owó náà. Ní oṣù kẹta 2024, báńkì àpapọ̀ tún gbé òmíràn jáde: ₦500 bílíọ̀nù fún bánkì tó ń ṣòwò dé òkè òkun, ₦200 bílíọ̀nù fún èyí tó ń ṣe é jákèjádò Nàìjíríà, gbèdéke rẹ̀ sì jẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2026. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ra ṣíà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bí ilé-iṣẹ́ bá sọ pé àwọn oníṣíà àtijọ́ ni òun fẹ́ kọ́kọ́ tà fún, gẹ́gẹ́ bí iye tí kálukú ní, ẹ̀tọ́ lẹ gbà yẹn, kì í ṣe ìpolówó ọjà. Bí ẹ kò bá lówó láti rà, alágbàtà ṣíà lè bá yín ta ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn kí ọjọ́ tó kọjá. Ẹni tó bá jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdá tirẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ yóò kéré sí i, kò sì ní rí nǹkan kan gbà dípò rẹ̀.

Dífídẹ́ǹdì, èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn oníṣíà, náà kò gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́nù. Níbi ìpàdé, àwọn oníṣíà lè dín iye tí àwọn olùdarí dábàá kù, wọn kò lè fi kún un. Àmọ́ bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, ó ti di gbèsè tí ilé-iṣẹ́ jẹ yín. Bí ọdún mẹ́fà bá kọjá tí ẹ kò gbà á, òfin ìnáwó tí wọ́n ṣe ní 2020 ní kí ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà ṣíà kó o sínú àpò kan tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú, tiyín ló ṣì jẹ́ níbẹ̀. Kó má baà débẹ̀, ẹ lọ sí bánkì yín, ẹ gba fọ́ọ̀mù e-dividend, èyí tí dífídẹ́ǹdì yóò fi máa wọ àkáǹtì yín tààrà, ẹ fi BVN àti nọ́ńbà àkáǹtì sí i. Bó bá jẹ́ ti bàbá tó ti dolóògbé, ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti ilé-ẹjọ́ gíga ni rẹ́jísírà, ìyẹn àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ tọ́jú ìwé orúkọ oníṣíà, yóò béèrè.

Ọ̀nà jíjìn ni àwáwí tó kù. Ta ni yóò tìtorí ṣíà 450 wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Èkó? Ọ̀rọ̀ gidi ni. Owó ọkọ̀ nìkan lè ju dífídẹ́ǹdì ọdún bíi mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n òfin kò ní dandan ni kí ẹ fẹsẹ̀ ara yín débẹ̀. Fọ́ọ̀mù aṣojú wà nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́. Aṣojú lè sọ̀rọ̀, ó lè dìbò, kò sì pọn dandan kí òun fúnra rẹ̀ ní ṣíà. Ta ni kò ní ọmọ tàbí àbúrò ní Èkó nínú wa? Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń tẹ orúkọ alága tàbí ti olùdarí sí àyè aṣojú. Ẹ fa igi lé e, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tiyín. Ẹ sàmì síwájú ìpinnu kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹ fara mọ́ ọn tàbí ẹ kò fara mọ́ ọn, torí bí ẹ bá fi àyè yẹn sílẹ̀, bó bá ṣe wu aṣojú ni yóò ṣe dìbò. Bí tíṣà mẹ́wàá tó ti fẹ̀yìn tì bá rán ẹnì kan ṣoṣo, ṣíà àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló dé ibi kíka ìbò. Láti oṣù kejì 2023 ni àtúnṣe òfin sì ti gba ilé-iṣẹ́ gbogboogbò, ìyẹn èyí tó lè ta ṣíà fún ará ìlú, láyè láti ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ìwé òfin tiwọn bá gbà á. Ẹ wo ìwé ìpè yín dáadáa bóyá wọ́n kọ ọ̀nà tí ẹ lè gbà wọlé sí i.

Ohun tó mú mi kọ èyí gan-an ni ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìṣirò owó wò. Dandan ni fún gbogbo ilé-iṣẹ́ gbogboogbò láti ní in. Lábẹ́ òfin 1990, iye kan náà ni olùdarí àti oníṣíà nínú rẹ̀, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju mẹ́fà lọ. Abala 404 òfin 2020 yí i padà: ènìyàn márùn-ún, mẹ́ta jẹ́ oníṣíà, méjì jẹ́ olùdarí tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Àwọn oníṣíà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń wo bóyá bí wọ́n ṣe ń kọ ìṣirò bófin mu, àwọn ni wọ́n ń gbọ́ ohun tí àwọn ayẹ̀wéwò láti ìta rí, wọ́n sì lè pàṣẹ fún ayẹ̀wéwò inú ilé-iṣẹ́ láti tú ọ̀rọ̀ tó bá ń kọ wọ́n lóminú wò. Òfin kò sọ iye ṣíà tí ẹni tí wọ́n máa yàn gbọ́dọ̀ ní. Ohun tó béèrè ni kí gbogbo wọn lóye ìṣirò owó, kí ó kéré tán ẹnì kan sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì tí òfin dá sílẹ̀. Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ ni kò ní ní irú èèyàn bẹ́ẹ̀? Àwọn bọ́sà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn akáǹtáǹtì tó ń yẹ ìwé ìjọ àti ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wò, gbogbo wọn wà láàárín wa.

Ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ náà nìkan kò sì tó. Ní 2006, Cadbury Nigeria kéde fúnra rẹ̀ pé wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ bu iye kún ìṣirò owó òun fún ọdún mélòó kan. Ìgbìmọ̀ irú èyí ti wà lábẹ́ òfin nígbà náà. Ẹni tí a ó bá rán lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó lè béèrè ìbéèrè tí yóò bí alága nínú, tí kò sì ní tìtorí oúnjẹ ọ̀sán buwọ́ lùwé.

Oníṣíà èyíkéyìí ló lè fa ẹnì kan kalẹ̀ fún ipò yìí. Lẹ́tà lásán ni, sí akọ̀wé ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ ó kéré tán ọjọ́ 21 ṣáájú ìpàdé. Ẹ rántí pé ọjọ́ 21 kan náà ni wọ́n fi ń pe ìpàdé. Ẹni tó bá dúró kí ìwé ìpè dé Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó kọ lẹ́tà ti pẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ọdún ìṣirò wọn ń parí lóṣù kejìlá máa ń ṣe ìpàdé láàárín oṣù kẹrin sí oṣù keje, nítorí náà, oṣù kìn-ín-ní ni kí ẹ ti kọ ọ́, kí ẹ bá oníkúríà fi ránṣẹ́, kí ẹ sì gba ìwé ẹ̀rí pé ó dé ọwọ́ wọn.