Owó Gọbọi, Kìnnìún Fìrí

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nairobi, mi ò tíì tú ẹrù, inú tó ń bí mi ò sì jẹ́ kí n lè jẹun. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ bá mi dáhùn ìbéèrè kan: tí ẹnì kan bá gbowó lọ́wọ́ yín pé òun ó fi ìlàjì ọjọ́ mú yín wo ẹranko, tó wá jẹ́ pé inú bọ́ọ̀sì, ẹnu géètì àti ṣọ́ọ̀bù lẹ ti lo ìlàjì ọjọ́ náà, kí lẹ máa pe irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ibi iṣẹ́ ló rán mi lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́rin. Ó ku ọjọ́ kan kí n padà sí Ìbàdàn, ẹnì kan tá a jọ lọ ní, "Ha, Àǹtí, ẹ ò ní wá dé Kenya kẹ́ ẹ má fojú kan kìnnìún." Kò kúkú purọ́. Ìlú ńlá mélòó lẹ mọ̀ tí igbó kìnnìún wà ní nǹkan bíi kìlómítà méje péré sí àárín ìlú? Ọdún 1946 ni wọ́n ti ya igbó yẹn, tí wọ́n ń pè ní Nairobi National Park, sọ́tọ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Kenya. Èmi gan-an, ọmọ ọdẹ ni mí. Bàbá tó bí bàbá mi ń sun ìjálá. Mo ti gbọ́ oríkì ẹfọ̀n àti ti erin kí n tó mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n kìnnìún kan ṣoṣo tí mo rí rí, inú irin ni wọ́n há a mọ́ ní ọgbà ẹranko, oorun ló sì ń sùn. Ni mo bá ní kò burú, n ó lọ.

Ìwé pélébé kan wà níwájú òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ya erin ńláńlá sára rẹ̀, erin náà dúró níwájú òkè tí yìnyín bo orí ẹ̀. Mo pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ lórí WhatsApp. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn dùn lẹ́nu bí oyin. Dọ́là márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo bi í pé ṣé gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀? Ó ní gbogbo ẹ̀, títí kan omi mímu, ó tún kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní olúkúlùkù ló máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní kí n ti wà nísàlẹ̀ ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, torí àárọ̀ kùtù lẹranko ń jáde.

Mo wà nísàlẹ̀ ní aago márùn-ún ó kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé gbogbo Áfíríkà ló ń gbóná: orí òkè ni Nairobi wà, ó ga ju òkun lọ ní mítà tó lé ní 1,600, oṣù keje sì ni òtútù wọn ń mú jù. Ìró àti bùbá ànkárá ni mo wọ̀. Eyín mi ń lu ara wọn kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Aago mẹ́fà lù, kò sẹ́ni tó dé. Mo pè wọ́n, wọ́n ní bọ́ọ̀sì ti wà lọ́nà. "Ó ti wà lọ́nà" yìí, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn télọ̀ Ìbàdàn ló ni ín. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́fà ààbọ̀ lù ni wọ́n tó dé.

Mo rò pé igbó ló kàn. Rárá o. Wọ́n gbé mi lọ sí Westlands lọ gbé ẹnì kan tí kò tíì jí. Wọ́n gbé wa lọ sí Kilimani lọ gbé tọkọtaya kan tí wọ́n ṣì ń jẹ búrẹ́dì. A tún padà gba apá ibòmíràn torí ẹnì kan gbàgbé ìwé ìrìnnà ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé dánfó tó ń dúró kó kún ni mo fẹ́ wọ̀, ṣebí Ọ̀jọ́ta wà nílẹ̀? Ó kéré tán, wọn ò ní gba dọ́là lọ́wọ́ mi níbẹ̀, mà á sì rí gúgúrú rà. Kí a tó parí ìkórè èèyàn yìí, gbogbo ìlú ti jí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dé, àwọn mátátù, ìyẹn dánfó tiwọn, sì ti ń fọn fèrè gba iwájú gba ẹ̀yìn. Ìrìn kìlómítà méje! Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la dé géètì igbó náà ní Lang'ata. Aago mẹ́fà sì ni wọ́n ń ṣí géètì náà.

Fèrèsé tí wọ́n ṣèlérí ńkọ́? Èèyàn mẹ́jọ ló wà lórí ìjókòó méje. Àárín ni wọ́n fún mi sí, láàárín ọkùnrin ará Jámánì kan tó ga bí igi àgbọn àti àpótí omi.

Ọ̀rọ̀ omi yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé. Omi inú ike ni, èyí tí wọ́n ní ó wà nínú owó wa. A dé géètì, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ wo inú bọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n kó ike náà sílẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Kenya ti fòfin de irú ike bẹ́ẹ̀ nínú àwọn igbó ìjọba, òfin tó dáa ni, kí ẹ̀tù àti ìmàdò má baà máa jẹ ọ̀rá kú. Mi ò bá ọmọ iṣẹ́ ọba yẹn jà. Àwọn tó fi igbó yẹn jẹun lójoojúmọ́ ni mò ń bá jà. Ṣé òní ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òfin yẹn ni? Wọ́n kó omi náà jáde, a sì fi òùngbẹ wọlé.

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ mi ti ru gan-an rèé. Dẹ́rẹ́bà yíjú sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ká jọ̀wọ́ san owó ìwọlé. Owó ìwọlé wo? Ó ní dọ́là márùndínlọ́gọ́rùn-ún yẹn, ti ọkọ̀ ni. Mo gbé fóònù sókè, mo fi ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ẹlẹ́nu oyin hàn án: *gbogbo ẹ̀*. Ó kà á, ó mi orí, ó ní, "Pole sana, Mama." Pole tiwọn yìí, pẹ̀lẹ́ ni, ó sì fẹ́ jọ pẹ̀lẹ́ tiwa létí. Wọ́n kí mi ní pole lọ́jọ́ yẹn débi pé, tó bá jẹ́ owó ni, mi ò bá ti fi kọ́lé.

Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ní géètì náà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba ni wọ́n ti ń san án. Mo mú káàdì báńkì mi jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé káàdì náírà dé òkè òkun rí, ẹ mọ ìyókù. Ó kọ̀. Mo mú èkejì jáde. Èyí gbà díẹ̀, ó ní òun ti fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Fóònù wo? Síìmù Nàìjíríà mi ò ríran láti ọjọ́ tí mo ti balẹ̀. Nọ́ńbà náà wà ní Ìbàdàn, èmi wà ní Lang'ata. Àwọn méje tó kù ti san tiwọn, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó jẹ gbèsè. Dẹ́rẹ́bà wá ní òun lè fi M-Pesa òun, owó orí fóònù tiwọn, san án, kí n fún òun ní dọ́là. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀, mo fẹ́ súre fún un. Iye tó wá ṣẹ́ dọ́là fún mi! Olè tó ń jalè lóru ṣì máa ń tijú díẹ̀. Mo sanwó. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Kí n fẹsẹ̀ rìn padà lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ni?

Aago mẹ́sàn-án kọjá la wọlé. Oòrùn ti yọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá ọdẹ gbélé rí mọ̀ pé ẹran tó fi òru jẹ, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, abẹ́ igi ló ń wá.

Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ ni ká sọ ẹ̀tọ́, igbó yẹn dára. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì pé tí a rí àgùnfọn mẹ́ta. Wọ́n ń já ewé igi ẹlẹ́gùn-ún jẹ, bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e. Ẹ̀yìn wọn níbẹ̀ yẹn, ẹ óò máa rí àwọn ilé gogoro Nairobi. Àgùnfọn níwájú, ilé báńkì lẹ́yìn. Mo gbàgbé gbogbo ìbínú mi. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà dúró.

Kò dúró.

Rédíò ọwọ́ ẹ̀ ló ń pariwo. Ẹnì kan ti rí *simba*. Ó tẹ iná mọ́tò, a fò kọjá àgùnfọn, a fò kọjá kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà tó tó ogún, a fò kọjá ọ̀gọ̀ǹgò akọ kan tó na ìyẹ́ dúdú ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ní òun rí àgbáǹréré lọ́tùn-ún. Àgbáǹréré dúdú! Ẹran tí wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run nítorí ìwo ẹ̀, tí igbó yẹn sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bò ó. Eruku nìkan ni èmi rí. Dẹ́rẹ́bà ní ká má ṣèyọnu, ká lọ rí kìnnìún ná.

A dé ibi kìnnìún. Mo ka bọ́ọ̀sì mẹ́rìnlá. Mẹ́rìnlá! Wọ́n to ara wọn bí ọkọ̀ tó ń dúró de epo, ẹ́ńjìnnì gbogbo wọn ń dún, èéfín bo ojú ọ̀nà. A wà níbẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n ṣí òrùlé bọ́ọ̀sì sókè, gbogbo èèyàn dìde dúró. Ẹ rántí ará Jámánì mi. Iwájú mi ló dúró sí. Mo na ọrùn, mo fi ẹsẹ̀ kan gun ìjókòó, wọ́n ní kí n sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnì kan pariwo pé, "Ó ti dìde!" Koríko mì. Ohun pupa rẹ́súrẹ́sú kan, tó lè jẹ́ ìrù, tó lè jẹ́ etí, yọ lórí koríko, ó sì padà wọlẹ̀. Ó parí.

Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí", bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Èmi san dọ́là fún fìrí gan-an.

Bí mo sì ti dárúkọ erin, mo bi dẹ́rẹ́bà pé níbo ni ti inú ìwé pélébé wà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí erin tó ń jẹ̀ káàkiri níbẹ̀, igbó náà kéré jù fún un. Òkè oníyìnyín yẹn sì ńkọ́? Kilimanjaro ni, Tanzania ló wà, igbó Amboseli ní Kenya ni wọ́n ti máa ń ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ó sì ju kìlómítà 200 lọ sí Nairobi. Bí ẹni tó ń ta àmàlà tó ya pẹpẹyẹ sára bọ́ọ̀dù ẹ̀ ni! Lóòótọ́, àwọn ọmọ erin tí wọ́n pa ìyá wọn wà létí igbó náà níbi tí wọ́n ti ń tọ́ wọn, aago mọ́kànlá sí méjìlá sì ni àlejò lè wò wọ́n. Ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀. Ta ló gbà á sílẹ̀ fún wa?

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn mi ṣì ń fà sí: ibi tí wọ́n ti sun eyín erin. Ọdún 1989 ni Ààrẹ Daniel arap Moi dáná sun tọ́ọ̀nù 12 níbẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé Kenya ò ní tà á. Nígbà tó di ọdún 2016, tọ́ọ̀nù 105 ni Uhuru Kenyatta, ààrẹ ìgbà náà, sun. Eérú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo dúró níwájú eérú yẹn, mò ń ro iye erin tó kú kó tó tó tọ́ọ̀nù 105, mo fẹ́ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Páà! Fèrè mọ́tò. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti pé. Wọ́n tún fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, bíi pé èmi ni mo fi wọ́n dúró láti aago márùn-ún ààbọ̀.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ti jáde. Mo ní kí ló dé? Ó ní àwọn èrò ọ̀sán ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wò ó o, èrò ọ̀sán tó ń dúró yìí kò ní kí wọ́n má kọ́kọ́ gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù! Àádọ́ta ìṣẹ́jú. Kò sí ẹranko kankan tó rí àádọ́ta ìṣẹ́jú gbà lọ́jọ́ yẹn, àfi kìnnìún onígi. Aṣọ Màsáì pupa, òkúta Kisii tí wọ́n gbẹ́ ní erinmi, ìlẹ̀kẹ̀. Ó dára lójú, mi ò kọ̀, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n pè é! Mo rí dẹ́rẹ́bà wa lẹ́yìn káńtà, tíì gbígbóná wà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ń bá a ṣeré bí àna ilé. Èmi tí mo ti jẹun ọjà Bódìjà dàgbà, mo mọ̀ pé a ti tà wá.

Ọ̀kan ọ̀sán ni mo dé òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Láti aago márùn-ún ààbọ̀ dé aago kan, wákàtí méje ààbọ̀ nìyẹn. Wákàtí méjì kò pé nínú igbó, a sì fi ogójì ìṣẹ́jú nínú ẹ̀ wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ẹlòmíì. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀, dẹ́rẹ́bà na ọwọ́, ó ní kí n ṣe nǹkan fún òun. Mo ní, "Pole sana."

Mo délé, àwọn ọmọ ní àwọn fẹ́ wo kìnnìún. Mo mú fídíò jáde, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá. Àbúrò wọn wò ó tán, ó ní, "Mọ́mì, orí ta lèyí?" Orí pípá ará Jámánì yẹn ni, ó ń dán nínú oòrùn, koríko sì wà lápá òsì.

Lánàá ni ọmọbìnrin ẹlẹ́nu oyin kọ̀wé sí mi, pé kí n jọ̀wọ́ fún àwọn ní ìràwọ̀ márùn-ún, kí n sì fi fọ́tò ẹranko tó wù mí jù ránṣẹ́, àwọn fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé àwọn. Mo ti fi fídíò náà ránṣẹ́.