Reset kì í ṣe àtúnṣe: ìdí tí iná airbag fi ń padà wá

Bí iná airbag, ìyẹn àpò tó ń wú láti dáàbò bo èèyàn nígbà ìjàǹbá, bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, “Ìyẹn ò ní nǹkan ṣe, mọ́tò á ṣáà máa rìn. Ẹ jẹ́ ká reset ẹ.” Wọ́n á gbé scanner dé, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, ìyẹn àmì àléébù tí kọ̀ǹpútà mọ́tò kọ sílẹ̀, wọ́n á tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa kóòdù rẹ́, iná á kú, ẹ ó sanwó, ẹ ó máa lọ. Kò ní pẹ́, iná á tún yọjú. Wọ́n á tún pa á, á tún padà. Tó bá ti dé ibi báyìí, àwọn kan á ní kí ẹ mójú kúrò, pé bí mọ́tò yẹn ṣe rí nìyẹn. Àwọn mìíràn á ní airbag gan-an ló ti bàjẹ́, kí ẹ lọ ra òmíràn. Orí àṣìṣe kan náà ni èrò méjèèjì dúró sí: pé iná yẹn ni àìsàn, àti pé bó bá ti kú, ara mọ́tò ti yá nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí iná yẹn ń ṣe. Nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kọ̀ǹpútà airbag fúnra rẹ̀ ló ń tan iná náà kí ẹ lè rí i pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara rẹ̀ àti gbogbo wáyà tó wà lábẹ́ rẹ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 6 lọ. Bí kò bá rí àléébù, iná á kú. Àyẹ̀wò náà ò sì parí síbẹ̀ o; títí ẹ ó fi pa mọ́tò ló ń lọ lábẹ́lẹ̀. Ńṣe ló ń rán iná mànàmáná tín-ín-tín gba inú wáyà airbag kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò tó ohun tó lè mú un bẹ́, kó fi mọ bí ọ̀nà ṣe dí tó. Nínú ọ̀pọ̀ airbag, ìdènà tó yẹ kó bá pàdé ò ju nǹkan bíi 2 ohm lọ (ohm ni wọ́n fi ń wọn ìdènà iná). Bó bá ga ju bó ṣe yẹ, wáyà ti já níbì kan tàbí kí ẹnu connector, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ki wáyà bọ ara wọn, má mú dáadáa. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, wáyà méjì ti ń fara kan ara wọn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò síbi tí kọ̀ǹpútà yìí ti ń wo inú àpò airbag. Ọ̀nà wáyà ló ń wò. Ohm méjì sì kéré gan-an. Ìpẹtà tí gílóòbù iwájú mọ́tò ò ní mọ̀ pé ó wà rárá ti tó láti tan iná airbag. Ìdí nìyí tí mo fi ń fura sí mẹkáníìkì tó bá ti ń dá airbag lẹ́bi láìtíì fọwọ́ kan wáyà kankan.

Ní ti “mọ́tò á ṣáà máa rìn,” òótọ́ ni, á rìn. Ẹ́ńjìnnì ò mọ̀ bóyá airbag wà tàbí kò sí. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, bí kọ̀ǹpútà bá ti rí àléébù, ó lè ti apá kan tàbí gbogbo ètò náà pa, títí kan ohun tó ń fa bẹ́líìtì mọ́ èèyàn láyà nígbà ìjàǹbá. Àjọ NHTSA tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà ṣírò pé láti 1987 sí 2017, airbag iwájú gba ẹ̀mí tó lé ní 50,000 là ní orílẹ̀-èdè yẹn nìkan. Ohun tí ẹ lè pàdánù nìyẹn tí iná náà bá ń tàn tí ẹ sì ń wakọ̀ lọ.

Kí wá ni reset ń ṣe? Ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ ló ń pa rẹ́. Kò dé ìdí wáyà, kò nu ìpẹtà, kò so ohun tó já. Bí àléébù náà bá wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kóòdù lè má gbà kí wọ́n pa òun rẹ́ rárá, tàbí kó padà bí wọ́n bá ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá jẹ́ irú èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, iná á kú títí mọ́tò á fi tún kó sí kòtò. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Èyí tó dùn mí jù ni pé reset tí wọ́n ṣe láìkọ nǹkan kan sílẹ̀ ti ba ẹ̀rí jẹ́. Kóòdù yẹn ló ń sọ ọ̀nà wo ló ní àléébù: ti awakọ̀ ni àbí ti èrò, ti bẹ́líìtì apá òsì ni àbí ti airbag ẹ̀gbẹ́ ìjókòó. Scanner tó bá dáa á tún sọ fún yín bóyá kóòdù náà wà lọ́wọ́lọ́wọ́ tàbí ìtàn àtẹ̀yìnwá ni, ìyẹn àléébù tó wáyé tó sì ti lọ. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí ẹni tó ń wá wáyà tó já pátápátá àti ẹni tó ń wá connector tó ń mì kì í wá a bákan náà. Ẹ ya fọ́tò ojú scanner kí ẹnikẹ́ni tó tẹ bọ́tìnì kankan.

Ẹ sì ṣọ́ra fún scanner kékeré tí gbogbo èèyàn ń rà. Púpọ̀ nínú wọn, kóòdù ẹ́ńjìnnì tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P nìkan ni wọ́n lè kà. Kóòdù airbag sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, kọ̀ǹpútà airbag ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Bí scanner kò bá lè bá kọ̀ǹpútà yẹn sọ̀rọ̀, á ní kò sí àléébù kankan, iná á sì máa tàn lójú yín. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ yíyọ orí bátìrì: nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, kóòdù airbag wà níbi tí kò nílò bátìrì láti rántí. Rédíò yín nìkan ló máa gbàgbé ibi tó wà.

N ò ní sọ pé kò síbi tí àwọn èèyàn ti rí i. Ìgbà míì wà tí reset ń yanjú ọ̀rọ̀ lóòótọ́. Bátìrì tó ti kú lára lè mú kí iná lọ sílẹ̀ gan-an nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń gbìyànjú àtijí, kọ̀ǹpútà á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Tàbí kí ẹnì kan yọ ìjókòó láti fọ kápẹ́ẹ̀tì, kó wá yí kọ́kọ́rọ́ kó tó so wáyà padà. Ní irú ibi báyìí, ohun tó fà á ti kúrò nílẹ̀, kóòdù nìkan ló kù, ó sì tọ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Àwọn tó rí i ló lọ ń ròyìn pé oògùn iná airbag ni reset. Iná tó bá padà wá lẹ́yìn reset ti sọ fún yín pé tiyín kì í ṣe irú èyí.

Níbo wá ni kí a wò? Abẹ́ ìjókòó iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ti ìjókòó sẹ́yìn pátápátá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀ láti iwájú. Ẹ ó rí ìdì wáyà tó yọ láti abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó sì gun ìjókòó lọ, connector aláwọ̀ yẹ́lò á wà láàárín wọn. Àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe mọ́tò fi ń kìlọ̀ nìyẹn, pé wáyà airbag rèé, kí ọwọ́ má yá. Ibẹ̀ ni ti airbag ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ń gbà nínú mọ́tò tó bá ní in; ní apá ti èrò iwájú, ti ohun tó ń mọ̀ bóyá ẹnì kan jókòó sábà máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sún ìjókòó ni ìdì wáyà yìí ń bá a lọ tó ń bá a bọ̀. Ẹni gíga wọlé, ó tì í sẹ́yìn. Ẹni kúkurú wọlé, ó fà á síwájú. Ẹ fi agboòrùn, ìgò omi àti bàtà tí wọ́n ń tì sábẹ́ ibẹ̀ kún un, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa ìdọ̀tí tó ń kọ lu wáyà. Connector náà kì í sábà já, ó kàn ń sún díẹ̀díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá yọ ọ́ wò, wọ́n lè rí i pé irin tíńtín inú rẹ̀ ti ṣú, tàbí pé ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bò ó nítorí omi tó wọ kápẹ́ẹ̀tì.

Nǹkan kan tún wà nínú connector yẹn tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ kékeré kan sínú rẹ̀ tó ń so ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀ bí wọ́n bá ti fà á yọ, kí iná tó ń ti ara èèyàn jáde má baà mú airbag bẹ́. Bí wọ́n bá tì í padà tí kò dé òpin, irin náà ò ní kúrò lójú ọ̀nà, kọ̀ǹpútà á wá rí ìdènà tó lọ sílẹ̀ jù. Ẹ ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀: kóòdù á ní wáyà kan ara wọn, ríwáyà á tú gbogbo kápẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ connector kan ni kò dún “kà” nígbà tí wọ́n tì í wọlé. Ríwáyà tó bá sì ní kí òun kúkú gé connector sọnù, kí òun lọ́ wáyà pọ̀, kí òun fi téèpù dì í, ẹ má gbà fún un. Ibi tí wọ́n lọ́ pọ̀ yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹtà, ìdènà á máa ga sí i, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ ti ń bọ̀.

Ibì kejì ni ẹ̀yìn steering. Ike róbótó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní clock spring, wáyà pẹlẹbẹ gígùn ló ká sínú rẹ̀, tó ń tú tó sì ń ká bí ẹ bá ṣe ń yí ọwọ́. Ó ń gbó. Ó sì tún ń já bí wọ́n bá tú steering láti ṣe iṣẹ́ mìíràn tí wọn ò dá ike náà sí àárín kí wọ́n tó dè é padà. Bí fèrè ò bá dún mọ́, tí bọ́tìnì orí steering sì ń ṣe ségesège, tí iná airbag tún ń tàn nígbà tí ẹ bá ń kọ́nà, ẹ ò nílò wòlíì.

Clock spring yìí ló sì ń mú kí wọ́n ta airbag fún ẹni tí kò nílò rẹ̀. Kóòdù á ní ìdènà ọ̀nà airbag awakọ̀ ti ga jù, wọ́n á kà á sí pé airbag ti kú. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tí kóòdù ń sọ gùn: láti kọ̀ǹpútà, gba clock spring, dé airbag. Ẹni tó mọṣẹ́ á so ohun ìdánwò kan, resistor tó ní nǹkan bíi 2 ohm, sípò airbag fúngbà díẹ̀. Bí kóòdù bá yí padà, airbag ló lẹ́bi. Bí kò bá yí, wáyà tàbí clock spring ni.

Irú resistor 2 ohm yẹn náà ni àwọn kan fi ń lu jìbìtì. Wọ́n á fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí ayé, kọ̀ǹpútà á rò pé airbag wà, iná á kú. Àwọn mìíràn á yọ gílóòbù inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mọ́tò tó ti ní ìjàǹbá tí airbag rẹ̀ ti bẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é sí kí wọ́n tó tà á. Bí ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò, tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, tí iná airbag ò tàn rárá, ẹ béèrè ìdí. Ó yẹ kó kọ́kọ́ tàn ná.

Iná tó kú ò sì fi hàn pé airbag dáa. Ilé iṣẹ́ Takata ti Japan lo ammonium nitrate nínú ohun tó ń fẹ́ airbag, ooru àti ọ̀rinrin sì ń ba kẹ́míkà yẹn jẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, débi pé nígbà tó bá bẹ́, irin tó yí i ká lè fọ́ kó sì ta sí èèyàn lára. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú rẹ̀ ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Wáyà wọn ò ní àléébù, torí náà iná ò tàn. Nọ́ńbà chassis tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni ẹ ó fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lórí ìkànnì àwọn tó ṣe mọ́tò yín.

Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kan connector yẹ́lò, kó pa mọ́tò, kó yọ orí bátìrì tó jẹ́ négátíìfù, kó sì dúró, torí kọ̀ǹpútà airbag ń tọ́jú iná pa mọ́ fún ìgbà tí bátìrì bá já nínú ìjàǹbá. Toyota ní ìṣẹ́jú àáyá 90; àwọn mìíràn ní ìṣẹ́jú 3. Ìwé mọ́tò yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ má fi mítà wọn ìdènà airbag fúnra rẹ̀ láé, iná inú mítà lè mú un bẹ́.

Tí ẹ bá lọ gba mọ́tò lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ẹ ní kó fi ohun tó bá níbẹ̀ hàn yín, kì í ṣe iná tó kú. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ rí i pé iná tàn kó tó kú. Ẹ tan mọ́tò, ẹ yí steering láti òpin kan dé èkejì, ẹ sún ìjókòó iwájú méjèèjì síwájú sẹ́yìn, kí ẹnì kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kó de bẹ́líìtì. Bí iná bá tàn nínú èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má tíì sanwó.