Ẹ Fi Android Mi Lọ́rùn Sílẹ̀ Jàre

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ o! Níbi ìkómọ lánàá, mo ní kí àbúrò mi kan fi fọ́tò tá a yà ránṣẹ́ sí mi, ló bá wo fóònù ọwọ́ mi, ó yínmú, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ra iPhone, ó rọrùn jù." Rọrùn báwo? Ìwọ tí o ò lè fi Bluetooth ju fọ́tò ẹyọ kan ṣoṣo sórí Android, tá a wá ń wá dátà kiri bí ẹni tó ń wá omi ní ọ̀gbẹlẹ̀, kí WhatsApp tó gbé e dé, ojú ìyá ọmọ ti di bàìbàì! Èmi tí mo bá fẹ́ padà sẹ́yìn lórí fóònù mi, mà á kàn fa ìka láti ẹ̀gbẹ́ tó bá wù mí, ó parí. Tiẹ̀ ńkọ́? Láti òsì lọ sọ́tùn-ún nìkan, àbí kó máa na àtàǹpàkò lọ sókè bí ẹni ń já ọsàn. Mo gbà, sẹ́tíńsì tèmi náà pọ̀ bí ìfun àgùntàn, àmọ́ tẹni ń tẹni, àkísà ni ti ààtàn. Ẹ wá gbọ́ o, ìrọ̀lẹ́ ò tíì lẹ́, bátìrì ẹ̀ ti kú, ó ní kí n yá òun ní ṣájà. iPhone 11, tí ihò ṣájà ẹ̀ ò bá ti Android mi mu! Ẹnu okùn wo ló fẹ́ kì bọ̀ ọ́?